Ẹ Má Jẹ́ Kí A Máa Fi Ìwọ̀n Owó Dìbò

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa láti bí oṣù mélòó kan, pé kí á yí òfin ìdìbò padà. Àwọn kan ní kò tọ́ kí ẹni tó ní ìpín 500 àti ẹni tó ní ìpín 10 jọ máa di ìbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ̀ síwájú. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kan nínú wọn tí púpọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀: Twitter, tí wọ́n ń pè ní X láti ọdún 2023.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Ìpín kan, ìbò kan ni òfin wọn. Àdánù ni wọ́n ń jẹ títí di ìparí ọdún 2017 kí wọ́n tó kọ́kọ́ rí èrè. Ọ̀gá àgbà wọn, Jack Dorsey, tún ń darí ilé iṣẹ́ mìíràn, Square. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Dorsey wá sí Áfíríkà, ó dé Èkó, ó sì ní òun máa wá gbé ilẹ̀ yìí fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ́dún 2020. Inú àwọn ọmọ wa dùn. Inú àwọn kan tó ní ìpín kò dùn rárá.

Lára wọn ni Elliott Management, tí Paul Singer dá sílẹ̀ lọ́dún 1977. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá rí i pé èrè rẹ̀ kò tó, kí wọ́n wá fi ìbò tí ìpín náà fún wọn mú àwọn alákòóso lápá: ẹ yọ ọ̀gá yìí, ẹ dín ìnáwó kù, ẹ jẹ́ kí owó wọlé. Bí ìpín bá gbówó lórí, wọ́n lè tà á kí wọ́n máa lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ìpín tí wọ́n ti rà ní Twitter tó bílíọ̀nù kan dọ́là, bí ìdá 4 nínú 100. Ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ kí Dorsey lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, wọ́n ṣe àdéhùn: aṣojú Elliott wọ bọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti fi bílíọ̀nù méjì dọ́là ra ìpín ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìyẹn dáadáa. Wọn ò fi owó náà lé oníjìbìtì kúrò lórí ìkànnì o.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń darí ilé iṣẹ́ méjì, wọ́n lè bi í léèrè. Nínú ẹgbẹ́ tiwa náà, ẹni tó dìde ní ìpàdé tó ní "ìwé ìṣirò dà?" kì í ṣe ọ̀tá akápò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni pé àwọn tó ni ìpín nìkan ló lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé sórí ìkànnì náà lójoojúmọ́, tí ojú wọn gan-an ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń polówó ọjà, ta ló bi wọ́n?

Àwọn kan ti gbìyànjú rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n gbé àbá wá sí ìpàdé ọdún Twitter pé kí wọ́n wádìí bóyá wọ́n lè ta ilé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń lò ó, kó di ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bíi tiwa yìí. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Nígbà tí wọ́n ka ìbò, kò tó ìdá 5 nínú 100. Ìpín ni wọ́n kà, wọn ò ka orí èèyàn.

Dorsey fipò sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2022, Elon Musk ní òun máa san dọ́là 54.20 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù 44 lápapọ̀. Bọ́ọ̀dù kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbà, wọ́n padà gbà. Bílíọ̀nù 13 nínú owó náà jẹ́ ẹ̀yáwó, orí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì di gbèsè lé. Àwọn awakọ̀ wa mọ irú rẹ̀: mọ́tò tó ń san gbèsè orí ara rẹ̀ kì í sinmi. Oṣù Kẹwàá ló gba ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá, ó lé bí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ọ́fíìsì wọn ní Accra, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ibẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ àti bàtà lórí Facebook lè ní kò kàn yín. Ìpín tí Mark Zuckerberg ní níbẹ̀ ń di ìbò 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 kan náà, Altimeter, tó ní ìpín lọ́dọ̀ wọn, kọ lẹ́tà síta pé kí wọ́n dín owó òṣìṣẹ́ kù. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, òṣìṣẹ́ tó lé ní 11,000 ni wọ́n dá dúró. Bí wọ́n bá ti ojú ìwé yín pa lálẹ́ òní, ta lẹ máa rí bá sọ̀rọ̀? Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé.

Ní ti àbá tó wà nílẹ̀ yìí, ẹni tó ní ìpín 500 ń gba èrè orí ìpín 500. A ò du ú. Ṣùgbọ́n ìbò kan fún ẹnì kan ni òfin ẹgbẹ́ bíi tiwa láti ìgbà àwọn ará Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́dún 1844. Ìpàdé ọdún ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àbá náà wá, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí yóò gbọ́ ohùn ìyá aláta tó ní ìpín 10, nígbà tí a bá jókòó láti pín owó ẹ̀yáwó.