Owó Ọkọ̀ Lẹ San, Ẹ Ò Ra Àbùùbùtán

“Ẹ sọ fún awakọ̀ yìí kó sún mọ́ ọn dáadáa, màá fi nǹkan sí i lọ́wọ́.”

Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú agbami, létí Praia do Forte ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Brazil, nínú ọkọ̀ tí a jọ wọ̀ lọ wo àbùùbùtán. Ọmọbìnrin tó ń fi wá mọ̀nà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà na dọ́là sí awakọ̀, ògbufọ̀ wo la tún ń wá? Awakọ̀ ní rárá. Ọmọbìnrin náà ní rárá. Láti ìgbà yẹn títí a fi gúnlẹ̀, ariwo ló ń pa pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kí wọ́n dá owó òun padà.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí: awakọ̀ jàre, afinimọ̀nà jàre, ọ̀gbẹ́ni náà jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń ronú bíi tirẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un láéláé.

Irú àbùùbùtán tó ń wá sí Bahia, jubarte ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Keje títí wọ oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀. Omi tútù tó wà lápá gúúsù lọ́hùn-ún, ní agbègbè erékùṣù South Georgia, ni wọ́n ti ń jẹ edé wínníwínní tí wọ́n fi ń sanra. Tó bá di àkókò ìbímọ, wọ́n á wá sí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí á gùn tó mítà mẹ́rin, á sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ọmú ló ń mu. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé kì í jẹ nǹkan kan ní gbogbo àsìkò tó fi wà ní Bahia. Ọ̀rá tó ti kó sára tẹ́lẹ̀ ló ń sọ di wàrà, ọ̀rá yẹn náà ló sì máa fi lúwẹ̀ẹ́ padà sí ibi oúnjẹ. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lé e kiri, tó sáré, tó rì sísàlẹ̀ nígbà tó yẹ kó sinmi, ara ọ̀rá yẹn ló ti ń yọ, kò sì níbi tó ti máa rí òmíràn títí tó fi máa kúrò níbẹ̀. Ṣé ó tún yẹ kí n mú ẹ̀rí wá lórí èyí? Ta ni nínú wa ló máa já wọ yàrá abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, tó máa gbé fóònù sí i lójú, tó máa ní kó yí ọmọ síbí kí òun rí i dáadáa?

Ìjọba Brazil kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Òfin 7.643 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1987 ka pípa àbùùbùtán léèwọ̀, ó sì ka yíyọ ọ́ lẹ́nu náà léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5 ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn, ẹni tó bá sì tún un ṣe lè pàdánù ọkọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba. Lọ́dún 1996, IBAMA, àjọ tó ń mójú tó àyíká, ṣe ìlànà fún àwọn ọlọ́kọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú jíà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán débi tí àárín wọn á dín ní mítà 100. Wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá ti wà nítòsí rẹ̀, kí ẹ̀kẹta jìnnà síbẹ̀. Afinimọ̀nà ti ka gbogbo èyí fún wa kí a tó kúrò ní etíkun, a sì fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ fún ọ̀gbẹ́ni wa. Ó gbọ́. Ó ń fi orí dáhùn. Ohun tó wá ń fi dọ́là wá lójú agbami ni pé kí awakọ̀ fi ọdún márùn-ún nínú ayé rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, ó pè mí. Ó ní, “Àbúrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí lẹ ń ba nǹkan jẹ́. Ẹran omi ni. Mo sanwó, ó yẹ kó jáde kí n rí i.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ sanwó fún?”

Ó ní, “Ọlọ́kọ̀ ni.”

Mo ní, “Ṣé ọlọ́kọ̀ ló ni ín ni?”

Ó yọ fóònù. Ó fi fídíò kan hàn mí níbi tí obìnrin kan ti ń fọwọ́ pa àbùùbùtán lórí, ó ní ṣé mo rí i báyìí, ṣé òfin ò sí níbẹ̀ ni. Mo mọ ibẹ̀. Laguna San Ignacio ni, ní orílẹ̀-èdè Mexico, irú àbùùbùtán mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú ló sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kì í lé wọn níbẹ̀. Ọkọ̀ á dúró, àwọn tó bá wù láàárín wọn ló máa wá bá ọkọ̀ fúnra wọn, tìyá tọmọ nígbà mìíràn. Mo ṣàlàyé èyí fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ṣebí ohun tí òun ń wí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ẹni tí kò lè dá ẹni tó wá kí i nílé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí òun fipá wọ wọlé, kí lèèyàn fẹ́ bá a sọ?

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tó ń jà lójú agbami yẹn gan-an ni àbùùbùtán náà gbé ìrù rẹ̀ sókè pátápátá. Abẹ́ ìrù wọn dúdú ó sì funfun, bátànì tó wà níbẹ̀ kò bá ti èkejì mu, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ń ṣàn bọ́ létí rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú báàfù, afinimọ̀nà sì ń yà á ní fọ́tò kíákíá. Ọ̀gbẹ́ni wa kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ka dọ́là.

Mo mọ irú wọn tipẹ́. Nígbà tí a ń sin ìyá mi, fọtogíráfà kan tí mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó pè é dúró síwájú mi létí sàréè, ó ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀ kí òun lè rí pósí dáadáa. Ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi. Níbi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ti ara wọn ṣubú nítorí kí wọ́n lè gbé fóònù sójú Arugbá. Àwọn kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbà pé ohunkóhun tí ojú àwọn bá ti lè rí, ti àwọn ni.

Ọ̀gbẹ́ni yìí sọ fún gbogbo wa pé orírun òun ni òun wá wò ní Bahia. Ó ti lọ sí erékùṣù Itaparica, níbi tí wọ́n ti ń sin Egúngún títí di òní, ó sì sunkún níbẹ̀. Kí ló dé tí kò béèrè ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní Itaparica? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn Potogí ti ń pa àbùùbùtán ní ẹkùn yẹn, tí wọ́n ń se ọ̀rá rẹ̀ di òróró àtùpà. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ń tukọ̀, àwọn ló sì ń dáná lábẹ́ agbada ọ̀rá. Ọgbọ́n tí àwọn ọdẹ náà ń dá ni pé ọmọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ju ọ̀kọ̀ lù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyá kò ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Lọ́dún 1790, José Bonifácio, tó padà wá di ọ̀kan nínú àwọn tó gba òmìnira fún Brazil, kọ ìwé bu ẹnu àtẹ́ lu pípa àwọn ọmọ yìí. Wọn kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, jubarte tó kù ní apá òkun yẹn kò tó 500 mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 sọ pé wọ́n ti padà di nǹkan bí 25,000. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé wọ́n fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó sunkún nítorí àwọn tí wọ́n fipá mú wá síbẹ̀ wá ń na dọ́là kí wọ́n bá òun lé ìyá ọlọ́mọ. Ìtìjú ni.

Àwọn kan wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wò wọ́n rárá. N kò gbà. Àwọn ará Projeto Baleia Jubarte, tó ti wà láti ọdún 1988, ń kó ìmọ̀ jọ látinú irú ìrìn àjò yìí, owó tí àlejò ń san sì mú kí àbùùbùtán tó wà láàyè wúlò fún àwọn ará etíkun. Ẹ lọ. Ẹ mú ọmọ yín dání. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́kọ̀ ní ibi tó ti máa ń dúró. Bó bá ní òun á gbé yín dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Nítòsí ilé náà, àwọn jubarte ń wá sí omi Kútọnu láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ, àwọn kan sì ti ń gbé àlejò lọ wò wọ́n níbẹ̀. Bí irú ìrìn àjò yìí bá dé Èkó lọ́jọ́ kan, irú ọ̀gbẹ́ni yìí ló máa kọ́kọ́ dé èbúté, pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Nítorí náà, mo fẹ́ kí òfin mítà 100 ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó tú okùn, kí wọ́n sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá gba owó ẹ̀yìn.