"After" kan náà, iṣẹ́ méjì

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún WAEC ṣe, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni wọ́n ń ráyè kàwé, mọ ìbéèrè kan dáadáa. Lẹ́yìn àyọkà, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ kan yọ, wọ́n á ní kéèyàn sọ orúkọ ẹ̀ nínú gírámà àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Máàkì máa ń ṣòfò níbẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ò ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà ló máa fi wọ yunifásítì ní Nàìjíríà.

Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ ti há a sórí pé ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "after", "before", "since" àti "until". Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. "After the meeting", àpólà ni, ohun tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní phrase. "After the meeting ended", ó ti di awẹ́ gbólóhùn, clause nìyẹn, torí ìpàdé ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe tiẹ̀. Ẹ má wo "after", ohun tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ wò.

Yorùbá gan-an ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ta ló ń sọ pé "lẹ́yìn ìpàdé parí"? "Lẹ́yìn ìpàdé" ni, àbí "lẹ́yìn tí ìpàdé parí". "Tí" yẹn ló ń tú àṣírí awẹ́ gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "nítorí òjò" àti "nítorí pé òjò rọ̀": "because of the rain", "because it rained". Ẹni tó kọ "because of it rained" sínú lẹ́tà ọ̀gá ti gbàgbé èdè ìyá ẹ̀ nìyẹn! "Despite he was sick" náà ò dáa. "Although he was sick" ni, tàbí "despite his sickness".

Pàkúté gidi wà nínú "after what happened". Èèyàn á rí "happened", á sáré kọ clause. Àmọ́ "what happened" lódindi ló dúró bí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ túmọ̀ ẹ̀ wò: "lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀". "Ohun" ló tẹ̀lé "lẹ́yìn", kì í ṣe "tí". Àpólà ni gbogbo ẹ̀, awẹ́ gbólóhùn wà nínú ikùn ẹ̀.

"Before leaving the office" ńkọ́? Àpólà nìwé iléèwé ń pè é. Àwọn ìwé gírámà kan ka irú ẹ̀ sí clause. Ẹni tó ń lọ ṣèdánwò kó fi ìjà yẹn sílẹ̀ fáwọn ọ̀mọ̀wé, kó kọ phrase.