Ẹ Má Bọ́ Àmì Orúkọ Fáìlì Dànù

Ìmọ̀ràn kan ń lọ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé kí a má fi àmì sí orúkọ fáìlì, kí wàhálà má baà pọ̀. Àwa kò gbà. Ẹni tó bá kọ ofa.txt, ṣé ìlú Ọ̀fà ló ń wí ni, àbí ọfà tí ọdẹ ń ta? Ẹ wá wo fódà tí oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di oko kan náà: èyí tí ẹ bá fi pamọ́ kẹ́yìn lè pa àwọn tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́.

Wàhálà náà kì í kúkú ṣe irọ́. Ojú wa ń rí Ọ̀fà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà lè rí méjì. Nínú Unicode, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún Ọ̀: Ọ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n à ní kóòdù tirẹ̀. Nítorí náà, Ọ̀fà jẹ́ kóòdù 4 ní ìrísí NFC; ní NFD, tó ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó di 6. Mac àtijọ́ tó ń lo HFS+ máa ń tú orúkọ palẹ̀ bẹ́ẹ̀. Linux kì í sábà yí ohunkóhun padà, bí ẹ ṣe fún un ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ gba oríkì sílẹ̀ ní Ọ̀fà, ẹ kó o láti orí Mac bẹ́ẹ̀ lọ sórí Linux, kí ẹ wá kọ Path("Oríkì") / "Ọ̀fà.wav" nínú Python: ó lè ní fáìlì náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ ń wò ó kòrókòró.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń sọ pé èdè wa kò bá kọ̀ǹpútà mu. Ó bá a mu. pathlib, tó wọ inú Python 3.4 ní 2014, ń bá wa so fódà mọ́ fáìlì láìwo / ti Linux tàbí \ ti Windows. (Ẹni tó kọ "oríkì\tuntun" sínú Python, táàbù ló kọ yẹn, kì í ṣe fódà.) Àmì ohùn ni kì í bá wa tò, iṣẹ́ unicodedata.normalize nìyẹn. Ẹ fi iterdir() ka fódà, ẹ sọ orúkọ tó kà àti èyí tí ẹ ń wá di NFC kí ẹ tó fi wọ́n wéra, kí ẹ sì fi orúkọ tí fódà fún yín gan-an ṣí fáìlì. Kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Ẹ ṣe é kí ẹ tó da àwọn fódà yín pọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Fáìlì tí a ti bọ́ àmì rẹ̀, kò sí normalize tó lè dá a padà. Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ nìkan ló mọ èwo ni oko, èwo ni ọkọ̀.