Bremsstrahlung àti Èdè Ìyá Wa
Ọ̀rọ̀ físíìsì kan ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa: Bremsstrahlung. Bẹ́ẹ̀, “bíréèkì” àti “ìtànṣán” ni àwọn ará Jámánì so pọ̀: ìtànṣán tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tú jáde bí eré rẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtànṣán ẹ̀rọ X-ray ti ń wá. Jámánì fi olórí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Yorùbá a fi í ṣíwájú: ìtànṣán ìdádúró. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde, Ọlọ́run tí ó fún Jámánì ní èdè ni ó fún àwa Okun ní tiwa. Kí olùkọ́ wa ní Kabba kọ́kọ́ fi í ṣàlàyé, kí Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ tí ọmọ kò lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, àkọ́sórí lásán ni.