Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ohùn Rédíò?

Ẹ̀yin ará wa ní Onígbòǹgbò, àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó. Onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn rédíò mídíọ̀mù wéfù rí. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ ni ó ń tọ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, ojú ọ̀run a dá a padà sí ìlú òkèèrè, a sì bo ohùn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè, ti Áfíríkà pẹ̀lú, fi pín ojú ọ̀nà ohùn náà ní Geneva ní 1975.

Òpó irin kan ṣoṣo a máa fọ́n ohùn ká. Ṣùgbọ́n bí a bá to méjì tàbí mẹ́ta, tí a sì wọn agbára tí ń lọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, ohùn a pọ̀ níhìn-ín, a dínkù lọ́hùn-ún.

Òpó àjèjì tí a rì sí tòsí lè da ètò yìí rú, nítorí irin rẹ̀ a gba ohùn, a tún un fọ́n. Ní 2013, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rì í ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ba nǹkan jẹ́, òun ni yóò tún un ṣe. Òdodo nìyẹn. Láti 1992 ni a ti ní Àjọ NBC tí ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ rédíò nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ri òpó tẹlifóònù káàkiri, ẹ bi aládùúgbò yín léèrè kí ẹ tó walẹ̀.