Ta Ni Ó Ń Bá Wa Sọ̀rọ̀ Lójú-Ìwé Facebook Káńsù?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gírámà ni mo kà á sí. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ti ń ṣí ojú-ìwé sórí Facebook, X àti WhatsApp láti máa fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde?

Ẹ jẹ́ kí á fi Moníyà ṣe àpẹẹrẹ. Moníyà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn abúlé àgbẹ̀ ni ó yí i ká. Láyé àtijọ́, bí baálẹ̀ abúlé kan bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde wá ro ọ̀nà odò, akéde ni yóò lu agogo kiri ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti oko dé. Lẹ́yìn náà ni rédíò dé, tí ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí lórí sì ń yí ọjà ká. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ìkéde ń gbà kọjá: ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, owó ìsọ̀, ọjọ́ tí wọn yóò wó ṣọ́ọ̀bù tí ó jókòó lé gọ́tà lórí. N kò lòdì sí i rárá. Láti oṣù Òkúdu 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń rìn láti Èkó wá sí Ìbàdàn, Moníyà ni ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà. Ẹni tí ó bá ibẹ̀ wọ ìlú tí ó sì ń gbélé níbẹ̀ lè má mọ ilé baálẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Agogo lè má dé etí irú ẹni bẹ́ẹ̀, fóònù yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n akéde ní ohun kan tí Facebook kò ní. Ẹ gbọ́ bí akéde ṣe máa ń sọ̀rọ̀: “Baálẹ̀ ní òun kí gbogbo yín o. Baálẹ̀ ní òun fẹ́ rí gbogbo baálé ilé lágbàlá òun lọ́la.” Ẹ wo “òun” yẹn dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa arọ́pò afarajorúkọ mọ̀ pé bí mo bá wí pé “Olú ní òun ń lọ”, Olú fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ. Bí mo bá wí pé “Olú ní ó ń lọ”, ẹlòmíràn ni Olú ń sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe irú ìyàtọ̀ yìí; ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì, kí olùgbọ́ máa méfò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí “òun” kékeré yìí, wọn kò sì tíì kọ ọ́ tán. Lẹ́nu akéde, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí ó ni ín. Akéde kì í sọ pé “Mo fẹ́ rí yín.” Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò bi í pé ìwọ ta ni? Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì bí ará abúlé nínú, wọn kì í bá akéde jà. Ilé baálẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí ojú-ìwé alága káńsù kan, níbikíbi tí ó wù yín (n kò fi ẹnikẹ́ni sùn). Láàárọ̀: “Mo kí ìyàwó mi kú ọjọ́ ìbí.” Lọ́sàn-án: “Mo ti pàṣẹ pé kí ọjà wà ní títì títí di agogo mẹ́wàá ní Ọjọ́bọ̀.” Lálẹ́: àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú. “Mo” kan náà ni ó sọ gbogbo rẹ̀. Ṣé baálé ilé ni “mo” yẹn ni, àbí ìjọba, àbí ẹni tí ó ń wá ìbò?

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà jókòó lórí ìbéèrè yìí gan-an. Ní ìlú Port Huron, ní ìpínlẹ̀ Michigan, James Freed tí ó jẹ́ alákòóso ìlú náà ní ojú-ìwé Facebook kan tí gbogbo ayé lè rí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlú náà wà níbẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ará ìlú kan tí ń jẹ́ Kevin Lindke bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àtakò sábẹ́ rẹ̀ pé ìlú kò ṣe dáadáa tó. Freed kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní búlọ́ọ̀kì. (Mo ti gba ọ̀rọ̀ náà wọlé sínú èdè wa, ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jà lórí rẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn.) Lindke gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, gbogbo àwọn adájọ́ náà fi ohùn ṣọ̀kan pé ohun méjì ni kí á wò: ṣé ìjọba fún ẹni náà ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ òun? Ṣé àṣẹ yẹn ni ó ń lò nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn? Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n. Wọ́n sì kìlọ̀ pé búlọ́ọ̀kì kì í mú ọ̀rọ̀ kan kí ó fi ìyókù sílẹ̀; gbogbo ojú-ìwé ni ó ń tì mọ́ ènìyàn. Nítorí náà, aláṣẹ tí ó bá da ọ̀rọ̀ ilé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ti fi ara rẹ̀ sí ewu òfin.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ìdájọ́ náà. Kí ni wọ́n ń wá bí kò ṣe “òun” akéde? Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de ilé ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n abala 39 Ìwé Òfin wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, kí ó sì gba ìròyìn láìsí ìdíwọ́. Bí ojú-ìwé kan bá ti di ibi tí ìjọba ti ń kéde iye owó ìsọ̀, èmi kò rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ti ìyá ọlọ́jà mọ́ ìta rẹ̀ nítorí pé ó bèèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ojú-ìwé náà tún wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a kò nílò láti lọ jìnnà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2019, Gómìnà Ṣèyí Mákindé yọ àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní 2018; àwọn alága fìdíhẹ gba àga; ní ọjọ́ 7 oṣù Èbìbí 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé yíyọ náà lòdì sí òfin; wọ́n tún dìbò ní 2021, wọ́n sì tún dìbò ní oṣù Igbe 2024. Ẹ ka iye ènìyàn tí àga kan ti gbà láàárín ọdún márùn-ún. Bí alága bá ń lọ, ó ń dá ọkọ̀, òǹtẹ̀ àti fáìlì padà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ ojú-ìwé Facebook ńkọ́? Bí ó bá wà lápò ẹni tí ó lọ, gbogbo ìkéde ọdún mẹ́ta bá a lọ nìyẹn.

Òfin sì wà fún èyí. Òfin Òmìnira Ìròyìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Èbìbí 2011 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa tẹ ìròyìn síta lórí ìwé, lórí ẹ̀rọ ayélujára àti ní ọ́fíìsì wọn. Ó ní bí ará ìlú bá bèèrè àkọsílẹ̀, kí wọ́n dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ó ní aláṣẹ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n, ó kéré tán ọdún kan. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Igbe 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi òpin sí àríyànjiyàn náà pé ó kan gbogbo ẹ̀ka ìjọba. Lójú tèmi, ìkéde orí Facebook jẹ́ àkọsílẹ̀ bí fáìlì. Kí wọ́n má kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n pa á rẹ́.

Ibi tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ ìkéde wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Abala 36 Ìwé Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, èdè tí ó gbọ́ ni kí wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀sùn náà fún un. Ẹ rò ó wò: olè ní ẹ̀tọ́ sí Yorùbá, ìyá tí ń ta iṣu tí wọ́n fẹ́ wó ìsọ̀ rẹ̀ kò ní in! Abala 97 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n “láyè” ni, kì í ṣe dandan. Òfin 2011 yẹn ṣàánú wa díẹ̀: ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, bí ẹnìkan bá sì fi ẹnu bèèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹ sọ èyí fún àwọn òbí yín.

Kí á má sì gbàgbé pé ilé ẹni ẹlẹ́ni ni Facebook àti X. Láti ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa fún gbogbo wa. Káńsù tí ó bá fi gbogbo agogo rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ nìkan yóò yadi lọ́jọ́ kan.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ènìyàn ń bú alága jù lórí ayélujára. Òótọ́ ni, ẹnu wa kò dára. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kọ́ ni oògùn rẹ̀. Abala 24 Òfin Ìwà Ọ̀daràn orí Ayélujára ti 2015 lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 tàbí ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà. Kóòtù ECOWAS sọ ní 2022 pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lójú, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ní Ìlú Ọba, láti 1993 nínú ẹjọ́ Derbyshire ni àwọn adájọ́ ti sọ pé káńsù kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Alága gẹ́gẹ́ bí ènìyàn lè pe ẹjọ́, kí ó fi owó ara rẹ̀ pè é. Ẹ ò rí i pé “mo” àti “òun” náà ni?

Bí káńsù kan bá bèèrè lọ́wọ́ mi, ohun tí n ó bá wọn kọ sókè ojú-ìwé wọn nìyí: “Ìjọba ìbílẹ̀ ní òun kí gbogbo yín. Òun ni ó ni ojú-ìwé yìí, kì í ṣe ti alága kankan. Ohun tí a bá kéde níbí, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ní Yorùbá. A kì í pa ìkéde rẹ́; bí a bá tún un ṣe, a ó kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ rí àkọsílẹ̀ kan, ẹ wá fi ẹnu bèèrè, a ó bá yín kọ ọ́.” Kí alága wá fi ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ sí ojú-ìwé tirẹ̀. A ó bá a yọ̀ níbẹ̀.