Ẹ Yé Fi Owó Wa Dán Alùpùpù Yìnyín Wò

Ẹni tó ti gun alùpùpù yìnyín tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè sọ fún wa bí ìjókòó rẹ̀ ṣe tù ú lára tó, bó ṣe rọrùn tó láti yí lójú ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ, àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Kò lè sọ fún wa bóyá ó ṣeé gbára lé. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan dùn ún gùn, ọ̀tọ̀ ni kí ó má dá ni sọ́nà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi ìyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta ọjà tí oníbàárà kankan kò tíì fi la ìgbà òtútù kan já. Èmi lòdì sí i pátápátá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san àsansílẹ̀ lórí alùpùpù yìnyín tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ ni.

Fún ẹni tí kò rí i sójú rí, ohun tí mò ń sọ ni ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń pè ní snowmobile. Kò ní táyà. Ohun pẹlẹbẹ méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín ló wà níwájú rẹ̀. Rọ́bà gbọọrọ eléyín kan, tí wọ́n ń pè ní tíráàkì, ń yí po lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń tì í lọ. Àwọn kan ń fi ṣeré, àwọn mìíràn ń fi ṣọdẹ, wọ́n ń fi da ẹran, wọ́n sì ń gùn ún lọ sí abúlé tí mọ́tò kò lè dé. Bó bá kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárín igbó ní Minnesota, tàbí lórí òkè ní British Columbia, tí òtútù ti já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, tí yìnyín sì muni dé ìbàdí, kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá tí yóò gbé e. Èèyàn lè kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ eré ìdárayá àwọn olówó lásán ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tà á. Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín ọdún yẹn ṣì wà nílẹ̀, Polaris ní Minnesota àti BRP tó ń ṣe Ski-Doo ní Valcourt, ní ìpínlẹ̀ Québec, yóò ti gbé ti ọdún tó ń bọ̀ jáde fún aráyé rí. Wọn yóò dá gbèdéke. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan àti ọ̀nà àtòpọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá sanwó sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn kò ní rí wọn rà mọ́. Oníbàárà yóò fi owó sórí ohun tí kò fọwọ́ kàn rí, yóò sì máa retí rẹ̀ títí ewé igi yóò fi wọ́ tán. Àwọn tó gbówó lórí jù lè lé ní 20,000 dọ́là. Ó dùn mọ́ ilé iṣẹ́, nítorí ó ti mọ iye tí yóò ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dùn mọ́ dílà, nítorí ọjà kò ní kù sí i lọ́rùn. Ewu tó ṣẹ́ kù nínú òwò náà, ọrùn ẹni tó sanwó ni wọ́n gbé e kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Matryx ti Polaris. Ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 2021. Ara ọkọ̀ náà ni wọ́n tún tò láti ìpìlẹ̀, wọ́n jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí orúnkún máa ń wà, kí ẹni tó gùn ún lè máa yí ara bó ṣe wù ú. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á kò lè pa ìdùnnú wọn mọ́ra, n kò sì dá wọn lẹ́bi: ọkọ̀ náà dára láti gùn lóòótọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ara tuntun yìí ṣe ọkọ̀ orí òkè, wọ́n gbé tọ́bò Patriot Boost sí i, ìyìn sì tún gbòòrò. Lẹ́yìn náà ni oṣù Kejìlá 2022 dé. Polaris fúnra rẹ̀ kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní Matryx ti 2021, 2022 àti 2023 má gùn ún mọ́, kí dílà má sì tà á, àfi ìgbà tí wọ́n bá tó tún un ṣe. Ohun tó fà á ni pé ìsopọ̀ iná mànàmáná láàárín àwọn ẹ̀yà tó ń gbé epo lè já. Bó bá já, iná lè ta pàrà nínú táńkì kó sì ràn mọ́ èéfín epo. Iwájú ẹni tó ń gùn ún gan-an ni táńkì náà wà, láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

Kí ni ìyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kò sí ọwọ́ tó lè bà á, kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Àwọn tó ra ti 2021 ti gun tiwọn fún odindi ìgbà òtútù méjì, wọ́n ti wọnú ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò ní ìkéde yẹn kò mọ sórí Matryx. Òótọ́ ni. Ó kan àwọn kan lára AXYS náà, ara ọkọ̀ Polaris tó ṣáájú Matryx, èyí tó ti wà lójú yìnyín láti ìgbà mọ́dẹ́ẹ̀lì 2015, ó sì kan àwọn Pro-Ride tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á ní bí èyí tó ti pẹ́ bá lè ní àléébù kan náà, kí ni èrè sùúrù? Ìdáhùn mi ni pé èyí gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bí àléébù bá lè fara pa mọ́ sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹni tó gùn ún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì ń pariwo pé kò sí ọkọ̀ tó tó o gbára lé, ń sọ ohun tí kò mọ̀. Sùúrù kò lè mú gbogbo ewu kúrò. Ó lè mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kúrò.

Bí ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò fi tó. Yìnyín tí tíráàkì ń tú sókè ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ẹni tó gba tirẹ̀ nígbà tí yìnyín rọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, kò ní rí ìṣòro kankan. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá di gílásì líle ní ìparí ìgbà òtútù ni ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìgbà yẹn ló sì tó mọ̀ bóyá wọ́n gbé ibi ìtútù náà síbi tó yẹ. Bẹ́líìtì tó ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì lọ sí tíráàkì máa ń dára nígbà tó bá ṣì tuntun. Bí kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì kò bá dọ́gba síra wọn dáadáa, ó di lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí bẹ́líìtì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya. Ti tọ́bò tún le ju èyí lọ. Nígbà tí Ski-Doo gbé 850 E-TEC Turbo jáde gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 2020, ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé agbára ẹṣin 165 kò ní dín kù títí a ó fi gun òkè dé 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí atẹ́gùn ti fúyẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì yin àwọn ẹnjiníà tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ooru tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kó bá inú ẹ́ńjìnnì kì í fi ara hàn ní ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọkọ̀ náà yóò wọ gáréèjì fún bí oṣù mẹ́jọ. Epo yóò bàjẹ́ nínú rẹ̀, omi yóò wọ inú béárìn, wáyà yóò dípẹtà. Ìgbà òtútù kejì ló máa ń tú àṣírí wọ̀nyí.

Ẹni tó ra ọkọ̀ náà kọ́ ló sì yẹ ká lọ bi. Ó ti ń retí rẹ̀ láti oṣù Kẹta, ó ti ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ ìdí tí owó náà fi tọ́ sí i, ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gùn. Bí béárìn bá fọ́ lọ́sẹ̀ kejì, yóò ní ohun kékeré ni, pé dílà ti tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Kì í purọ́. Ó nífẹ̀ẹ́ ohun tó rà ni. Ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò tokunbo, mẹkáníìkì ló ń lọ bi: èwo ni wọ́n ń wọ́ wá sọ́dọ̀ yín jù? Pààtì èwo ni kò sí lọ́jà? Mẹkáníìkì wà ní ilé dílà alùpùpù yìnyín náà, ó sì mọ ìdáhùn. Gbogbo ohun tó bá tún ṣe lábẹ́ wáráńtì ló ń kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ tó péye nípa ohun tó ń bàjẹ́ lára ọkọ̀ tuntun, oṣù dé oṣù, wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí, nígbà tí wọ́n ń gbé ìyìn àwọn oníbàárà sójú pátákó ìpolówó. Ìwà yìí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí kò rí báyìí. Ní ìgbà òtútù 1934, Yvon, ọmọ kékeré tí Joseph-Armand Bombardier bí, dùbúlẹ̀ àìsàn ní Valcourt. Yìnyín ti dí ọ̀nà, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Láti ìgbà èwe ni bàbá rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ tó lè rìn lórí yìnyín. Lẹ́yìn ikú yìí ni iṣẹ́ náà tó so èso, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1937. Ọdún 1959 ni Ski-Doo tó jáde. Torí kí yìnyín má bàa há èèyàn mọ́ ni wọ́n ṣe dá ọkọ̀ yìí.

Ní oṣù Kẹta 1960, Edgar Hetteen, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dá Polaris sílẹ̀, fẹ́ fi han aráyé pé ọkọ̀ tí àwọn ń ṣe ní Roseau kì í ṣe ohun ìṣeré. Kò rán oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ àti àwọn díẹ̀ ló gun ọkọ̀ náà la aginjù Alaska já láti Bethel dé Fairbanks, ìrìn tó lé ní 1,000 máìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹni tó ṣe é ló máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín. Àwọn kan nílé iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn ìrìn náà, kò sì pẹ́ tó fi kúrò láàárín wọn, tó lọ dá ilé iṣẹ́ tó di Arctic Cat sílẹ̀ ní Thief River Falls. Ọkùnrin yìí mọ ọrùn ẹni tó yẹ kí ewu ìdánwò wà.

Àwọn tó fara mọ́ àsansílẹ̀ ní ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kan: wọ́n ní ẹni tó bá tètè sanwó máa ń gba wáráńtì tó gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbà pé ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n wáráńtì kì í dá ìgbà òtútù padà. Ìgbà yìnyín kò ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ilé dílà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ń retí pààtì tí ilé iṣẹ́ kò tíì ṣe tó, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, owó rẹ̀ sì ti lọ pẹ̀lú. Wáráńtì kì í sì í wá gbé èèyàn nínú igbó. Wọ́n tún ní bí kò bá sí ẹni tó kọ́kọ́ rà, ohun tuntun kò ní sí mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó gbẹ́ kòtò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó jìn sí i. Kí ilé iṣẹ́ yá àwọn tó ń mú àlejò gun òkè lọ́kọ̀, kí wọ́n sanwó fún àwọn tó ń gùn ún lójoojúmọ́, kí wọ́n lo ìgbà òtútù méjì lórí rẹ̀ kí wọ́n tó polówó. Owó wà lọ́wọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ pàápàá lè máà sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí àléébù bá yọjú. Taiga ní Montréal gba àsansílẹ̀ lórí alùpùpù yìnyín tó ń lo bátìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní tiwọn ní 2022, nígbà tó fi máa di oṣù Keje 2024 ó ti sá sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Arctic Cat gbé ara tuntun tó pè ní Catalyst jáde fún ọdún 2024. Kí ọdún 2024 tó parí, Textron tó ni ín ti kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì tà á ní 2025. Yamaha, tó ti ń ṣe ọkọ̀ yìí láti 1968, kéde ní 2023 pé òun ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè kò le. Kí ilé iṣẹ́ máa tẹ iye wáráńtì tí wọ́n san lórí mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun jáde fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́ àti iye kìlómítà tó rìn kó tó bàjẹ́. Kí wọ́n yá oníbàárà lọ́kọ̀ mìíràn bí tirẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́dọ̀ dílà láàárín ìgbà yìnyín. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí ẹni tó ń sanwó kò tíì gùn wò. Títí wọn yóò fi gbà, kí oníbàárà fi owó rẹ̀ sápò. Àwọn tí ẹ̀mí wọn so mọ́ ọkọ̀ yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ Inuit àti àwọn Sámi tó ń da ẹran ní àríwá Yúróòpù, ọkọ̀ iṣẹ́ bíi Skandic ti Ski-Doo àti VK540 ti Yamaha ni wọ́n ń wá, èyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í yí padà lọ́dọọdún, tí ẹni tó gùn ún lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú palẹ̀ kó sì tún un tò lórí yìnyín.